Ojú Mi Ni Mo Fi Jí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Àwọn olè yòókù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jalè. Ojú ni èmi fi ja tèmi. Kì í sì í ṣe ẹyinjú nìkan ni mò ń wí o. Gbogbo ojú náà ni, láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

Orúkọ mi ni Naomi. Télọ̀ ni mí ní Ẹ̀fọ̀n, mo sì ti pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Mo sọ iye ọdún mi kí ẹ má baà rò pé ọmọdé ló ń ṣe mí. Àgbà ni mí nígbà tí mo hùwà yìí, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibì kan wà níbẹ̀ tí mo ṣì máa ń rẹ́rìn-ín sí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ni Florence, tí mo ń pè ní Àǹtí mi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. Ìyá kan, bàbá kan ló bí wa, ojú wa sì jọra débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún abẹ́rẹ́ tí òun gún àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, mo kó wá bá a gbé. Ọkọ tèmi ti bá ọ̀nà Oǹdó lọ tipẹ́tipẹ́, kò sì tíì rí ọ̀nà tí yóò gbà padà.

Kérésìmesì tó kọjá, Ọláolúwa, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, fi fóònù ńlá kan ránṣẹ́ sí i. Fóònù náà kò béèrè nọ́ńbà, kò béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí Àǹtí mi bá ti gbé e sókè, yóò wò ó lójú, yóò ṣí.

"Naomi, wá wò ó," ló wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Láyé yìí, èmi nìkan ló mọ̀."

Mo ní, "Ó mà dáa o. Ẹ ti rí ẹni tí kò ní gbàgbé ojú yín."

Ó tó oṣù díẹ̀ kí èmi àti fóònù náà tó dá wà pọ̀. Ọjọ́rú kan ni, lọ́sàn-án. Àǹtí mi wà ní balùwẹ̀. Fóònù dún lórí tábìlì, mo gbé e kí n lè fà á lé e lọ́wọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kí n tó gbẹ́sẹ̀, ó wò mí. Ó ṣí.

Mo dúró. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn díẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ajá onílé bá ṣèèṣì ju ìrù sí àlejò.

Ọ̀rọ̀ tó wọlé náà ló wà lójú fóònù: "Àwẹ̀ró, ṣé ẹ ti jẹun ọ̀sán?"

Àwẹ̀ró ni oríkì ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kú, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Tíṣà Ayọ̀bọ́lá ni, ará Àrámọ̀kọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá kó tó fẹ̀yìn tì sídìí oko rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti di olóògbé. Nígbàkúùgbà tí àwọn akọrin Àrámọ̀kọ bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, irùngbọ̀n funfun rẹ̀ máa ń mú kí àwọn ìyá ìjọ ṣi orin kọ.

Ó yẹ kí n gbé fóònù náà kalẹ̀. Mo fa àpótí, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè wá.

Oṣù mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀. Tíṣà ti kọ ọ́ pé, "Lẹ́yìn ìkórè, mo fẹ́ wá rí àwọn ẹbí. Ẹ jẹ́ ká jọ lo ìyókù ọjọ́ wa ní Àrámọ̀kọ." Àǹtí mi sì dáhùn pé, "Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ohun kan wà tí mò ń rò."

Oṣù mẹ́rin. A jọ ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́ kan náà, a jọ ń gbàdúrà àárọ̀, kò sì mí sí mi.

Inú bí mi. Àmọ́ bí ẹ bá ṣí ìdérí inú bíbí náà, ẹ̀rù ni ẹ máa bá nísàlẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá lọ sí Àrámọ̀kọ, ilé ta ni èmi ń gbé? Ta ni mo fẹ́ máa bá jẹun?

Ìka mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ kí n tó mọ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Ojoru ni oni. Emi kii jeun osan ni Ojoru. Eewo ile wa ni."

Kò pẹ́ rárá tó fi dáhùn. "Ẹ forí jì mí, Àwẹ̀ró. N kò mọ̀ ni. Láti òní lọ, èmi náà kò ní jẹun ọ̀sán lọ́jọ́rú."

Mo fi etí ìró di ẹnu kí ẹ̀rín má baà jáde. Mo pa ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Nígbà tí Àǹtí mi jáde, tó béèrè pé kí ló dún, mo ní, "Àwọn onípolówó ọjà ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ká ní ó parí síbẹ̀, n kò ní máa yọ yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti tọ́ oyin wò lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ gbàgbé ibi tí afárá wà. Bí Àǹtí mi bá ti fi fóònù sídìí ṣáájì, tó lọ sẹ́yìn ilé, mo ti débẹ̀. Mo gbé e sókè, mo fajúro díẹ̀ bí òun ṣe máa ń fajúro, ó ṣí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo kọ ọ́ sí Tíṣà pé: "Irungbon yin n ba mi leru. O dabi ti obuko."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn akọrin Àrámọ̀kọ wá bá wa ṣe ìdúpẹ́. Wọ́n ń wọlé ní méjì méjì. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí àgbọ̀n rẹ̀ ń dán. Mo wò ó títí kí n tó mọ ẹni tó jẹ́.

Àǹtí mi fi ìgúnpá tì mí. "Naomi, ta ló ṣe Tíṣà báyìí? Ó dà bí uṣu tí wọ́n bẹ tán tí wọ́n wá gbàgbé síta."

Mo fi ìwé orin bo ojú, èjìká mi sì ń gbọ̀n. Obìnrin tó wà lẹ́yìn wa rò pé ẹ̀mí ló bà lé mi.

Lẹ́yìn ìsìn, Tíṣà wá kí wa. Ó dúró síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ iléèwé tó gba ipò kìíní.

Ó ní, "Ìyá Ọlá, ẹ kú ìsinmi. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn báyìí?"

Àǹtí mi ní, "Kí ni, sà?"

Mo bọ́ sáàárín wọn kíá. "Ìwàásù ni wọ́n ń béèrè, Àǹtí mi."

"Áà, ìwàásù dùn gan-an."

Tíṣà fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀. Kò dà bí ẹni tó gbọ́ ìdáhùn tó ń retí. Ó ní, "Fóònù mi nìkan ni kò tẹ́ lọ́rùn. Láti ọjọ́ tí mo ti fá a, bí mo bá gbé e sókè, á ní òun kò rí mi rí. Ìka ni mo wá fi ń ṣí i."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tèmi ló pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Tíṣà kọ̀wé pé òun ń bọ̀ wá bá Àǹtí mi nílé lọ́jọ́ Sátidé, pé òun fẹ́ gbọ́ ìpinnu rẹ̀. Mo mọ̀ pé Àǹtí mi ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi ìsìnkú kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí lọ́jọ́ náà. Bí Tíṣà bá wá, èmi ló máa bá, a ó sì sọ̀rọ̀. N kò fẹ́ kí a sọ̀rọ̀.

Mo kọ ọ́ pé: "E ma wa sile. E pade mi ni orita Erio ni ago mewaa aaro. E duro de mi bi o ti wu ki o pe to."

Èrò mi ni pé yóò dúró fún wákàtí kan, yóò bínú, yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ Sátidé, bí Àǹtí mi ṣe ń wé gèlè níwájú dígí, mo gbé fóònù, mo dí nọ́ńbà Tíṣà kí ìpè rẹ̀ má baà wọlé. Èrò mi ni láti tú u bó bá ti padà dé lálẹ́, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, òjò ṣú. Láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti rí i bó ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tó forí lé apá Erio. Òjò náà kò kéré rárá. Ẹsẹ̀ mi wà lórí máṣíìnì, àmọ́ wákàtí ni mò ń kà. Aago méjìlá. Aago kan. Mo ń wí fún ara mi pé kò sí àgbàlagbà tó máa dúró sínú irú èyí.

Ó dúró. Ó dúró sínú òjò di aago méjì, pẹ̀lú iṣu mẹ́ta nínú àpò, nítorí pé bó bá sá sábẹ́ òrùlé àwọn ilé ìtajà tó wà lórítà, kò ní rí ojú ọ̀nà dáadáa, kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ tó gbé Àwẹ̀ró wá kọjá òun.

Kò sí ìròyìn rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, fóònù Àǹtí mi dún, ó sì gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó wò mí, ó sì yí ojú sí oúnjẹ rẹ̀. Kò jẹun tán. Mo rí i tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú nídìí ààrò, iná kò sì rú èéfín lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó ní ọkàn ì bá ti jẹ́wọ́ níbẹ̀. Èmi, ohun tí mò ń wá ni bí n ó ṣe mọ ohun tí wọ́n jọ sọ.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí mi ní òun ń lọ sí Ìjerò lọ rí Habeeb. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni Habeeb tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà. Àǹtí mi ló gbẹ̀bí rẹ̀, Habeeb kò sì jẹ́ fi ohunkóhun pa mọ́ fún un. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo rẹ̀ tú ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ.

Habeeb ní, "Mọ̀mí, ṣé ẹ ní ẹni tó jọ yín nílé?"

Àǹtí mi ní, "Mo ní."

"Ẹ jẹ́ ká yọ ojú kúrò. Ojú lè jọ ojú, kí fóònù ṣì í mú. Àmọ́ ìka, ìbejì pàápàá kì í ní ìtẹ̀ka kan náà." Ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. "Mo tún ti fi nǹkan kékeré kan sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìka tí kì í ṣe tiyín tọ́ ọ, á rọra yà á ní fọ́tò. Onítọ̀hún kò ní gbọ́."

Àǹtí mi padà dé, ó dáná alẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó gbé Bíbélì, ó sì lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ.

Ó wá ku èmi àti fóònù. Mo gbé e sókè, mo fajúro. Kò ṣí. Mo bọ́ gèlè, mo tún fajúro. Kò dá mi lóhùn. Mo wá rí àwòrán ìka kékeré kan nísàlẹ̀.

Mo fi àtàǹpàkò ọ̀tún sí i. Ó kọ̀. Mo fi tòsì sí i, ó kọ̀. Mo rò pé bóyá abẹ́rẹ́ ló ti ba ìka mi jẹ́, mo lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo fi òrí ra á. Ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín, gbogbo wọn. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀marùn-ún ó ní kí n dúró ná. Mo dúró, mo gbàdúrà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo lo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, mo gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹni tí nǹkan ń dà láàmú kì í ronú tó yè kooro.

Aago mẹ́rin ni Àǹtí mi wọlé. Ó tú gèlè, ó ká a, ó mu omi. Ó fi ìka kan fóònù, ó sì wo ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Naomi, wá jókòó tì mí. Wá wo fọ́tò."

Mo jókòó. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ojú mi kún ojú fóònù, ihò imú mi tóbi bí ẹnu ìkòkò.

"Èyí ńkọ́?" ló wí.

Mo sún àga mi sẹ́yìn díẹ̀.

"Mo ní èyí ńkọ́?"

"Àtàǹpàkò ọ̀tún ni, mà."

Ó yí i. "Èyí?"

"Tòsì."

"Èyí tí o di ojú ńkọ́?"

"Mò ń gbàdúrà ni."

"Sí ta ni?"

Ó ń yí wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè, mo ń dá a lóhùn, bí ìgbà tó ń gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn. Ó dé orí ìkọkànlá. Òrùlé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ojú mi wà lókè réré, mo di etí tábìlì mú.

"Èyí ńkọ́? Kí ló dé tí ojú rẹ fi jìnnà tó báyìí?"

Mo wolẹ̀. "Ẹsẹ̀ ni, mà."

Ó fẹ́ gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó fi orí lé orí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó gbórí sókè ni mo rí i pé ẹkún ló ti dà.

"Ọjọ́ mẹ́rin ni ọkùnrin yẹn fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì," ló wí. "Ibà mú un, ó ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ni mí, Naomi. Mo mọ iye èèyàn tí irú rẹ̀ ti gbé lọ ní ọjọ́ orí yẹn. Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Ẹ wo bí mo ṣe láyà tó. Mo ní, "Ẹ kò sọ fún mi. Oṣù mẹ́rin, Àǹtí mi."

Ó dojú fóònù dé orí tábìlì.

"Mò ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ẹni pé mò ń fi ọ́ sílẹ̀," ló wí. "Ìyẹn ni mo fi oṣù mẹ́rin wá. Mo sọ fún Tíṣà pé ohun kan wà tí mò ń rò. Ìwọ ni mò ń rò."

Mo ti ka gbólóhùn yẹn lójú fóònù. Mo kà á, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé èmi ni.

Ó nu ojú. "Lọ́la, wàá lọ sí Àrámọ̀kọ. Ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́ ọ."

Takisí ló gbé mi lọ. Mo bá Tíṣà ní ìta ilé rẹ̀, ó wọ súwẹ́tà nínú oòrùn, ó ń wúkọ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hù padà ní ṣákálá. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti orí Ọjọ́rú dé orí òjò.

Kò yà á lẹ́nu. Ó nawọ́ sábẹ́ àga, ó fa ìwé kan jáde. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ sí i ló ti dà kọ síbẹ̀, mẹ́tàdínlógún. Báírò pupa ti rin ín láti òkè délẹ̀.

"Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rí i," ló wí. "Mo ń tún àwọn ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró kà kí n lè mọ ibi tí mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Mo rí i pé èèyàn méjì ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Èkejì ń kọ Yorùbá bí ẹni ń da àgbàdo sílẹ̀ fún adìẹ. Mo wá pè é, mo ní kó yẹ fóònù rẹ̀ wò."

"Ẹ forí jì mí, sà."

"Ẹ wo ibí." Ó fi báírò kan ìlà kan. "'Mi o fe oko mo.' Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rò pé oko mi ni kò fẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí n ó tà á fún."

Bí mo ṣe kúnlẹ̀ yẹn, ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo fi agbára gbé e mì.

Ó ṣí ìwé náà kan ewé ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí n kò sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí pé òun ló ń tì mí lójú jù. Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ kan tí n kò tiẹ̀ ní ète aburú lọ́kàn: "Ti mo ba lo, ta ni yoo ku pelu aburo mi?"

Kò sí báírò pupa lórí rẹ̀.

"Ọ̀kan yìí," ni Tíṣà wí, "mo kà á títí, n kò rí nǹkan tí mo lè ṣe sí i. Ẹ dìde nílẹ̀. Ti òjò, mo ti dárí rẹ̀ jì yín. Ti àmì ni n kò lè dárí jì."

Ó gbé tábìlì kékeré jáde. Ó ní kí n tún mẹ́tàdínlógún náà kọ, pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀, kí n tó wọkọ̀. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, mo jókòó síta ní Àrámọ̀kọ, mò ń kọ "òbúkọ" ní ẹ̀ẹ̀mẹta, àwọn tó ń kọjá sì ń kí mi pé mo kú iṣẹ́.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní wẹ́rẹ́ lẹ́yìn ìkórè. Èmi ni mo rán aṣọ ìyàwó, n kò sì gba kọ́bọ̀.

Ọjọ́ tí Àǹtí mi ń di ẹrù, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mò ń wo bó ṣe ń ká aṣọ. Ó ní, "Má dúró báyẹn. Kì í ṣe pé mo fi ọ́ sílẹ̀ nínú ulé yìí. Ulé ni mo fi sílẹ̀ fún ọ. Ọláolúwa ti gbà bẹ́ẹ̀."

Ẹnu mi wá ṣí. Mo béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí gbogbo ìyà yìí ì bá má ti jẹ ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Àǹtí mi, tẹ́ ẹ bá lọ, kí ni kí èmi wá ṣe?"

Ó wo apá ọ̀dọ̀ mi, ó wo àpótí ńlá tó wà nílẹ̀.

"Kọ́kọ́ wá bá mi gbé ìdí èyí ná," ló wí.

Mo di ẹ̀gbẹ́ kan mú, òun di èkejì, a sì gbé e jáde.